Bí Ẹlẹ́dẹ̀ Ìyá Mi Ṣe Fẹsẹ̀ Rìn Kúrò ní Pápá Àjàó

Ọjọ́ Ajé ni wolé-wolé wọ ilé wa ní Pápá Àjàó. Ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó bo imú, ó sì kọ ìwé lé ìyá mi lọ́wọ́. Ìwé náà kò gùn. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa gbọ́dọ̀ ti kúrò kí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó pọ́n. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn fúnra wọn yóò wá mú un lọ sí odò ẹran.

Ìyá mi kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé ẹ rí i pé ó lóyún?"

"Mo rí i, Mà." Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni wolé-wolé yìí, kì í pariwo. "Ìwé òfin ò ya aláboyún sọ́tọ̀. Ẹ wo ibi tí ẹ ti ń dáná, kí ẹ wo ibi tó wà."

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù tó máa bí."

"Ọjọ́ Ẹtì, Mà," ó wí. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Àárín àwọn ọdún 1970 nìyẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo sì ń gbé. Iṣẹ́ yẹn kọ́ mi láti máa béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ṣojú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti parí, mo bi àwọn mẹ́ta tó wà níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìyá mi, káfíńtà tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín tiwa àti tirẹ̀, àti mẹkáníìkì tó gba yàrá lọ́dọ̀ wa. Níbi tí ẹnu wọn kò bá ti kò, mo máa sọ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà ni ìyá mi. Ilé ìwé ìjọ kan ní Yábàá ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé títí tó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun ò lè máa jókòó sí ìta kóun máa ka ọkọ̀ tó ń kọjá. Ó gbé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan wálé nínú àpò, ó kọ́ ilé fún un lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń fún un ní eèrí ògì àti èèpo iṣu, ó sì ń wẹ̀ fún un nírọ̀lẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ. Ìyàwó ló sọ ọ́. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ náà ló dé ilé kẹ́yìn, òun náà ló sì ń kọ́kọ́ jẹun.

Ohun tó wà nínú Ìyàwó lọ́sẹ̀ yẹn ló ń ba ìyá mi lẹ́rù. Lọ́dún tó ṣáájú, àgbàrá òjò ya wọ ẹ̀yìnkùlé wa. Ọkùnrin mẹ́rin di ẹlẹ́dẹ̀ náà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ti igi bọ àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé e lọ síbi tó ga. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn náà. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí gbogbo rẹ̀ fi wálẹ̀. Ìyá mi kó wọn, ó sin wọ́n sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìdí-Àràbà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀rẹ́ yìí ní ilẹ̀ tí wọ́n fi ògiri yí ká, ilé ẹlẹ́dẹ̀ tó ṣófo wà níbẹ̀, ó sì jìnnà sí ibi táwọn èèyàn ń gbé. Ó ránṣẹ́ pé kí a máa mú un bọ̀. Ìrìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni fún èèyàn.

"A ò ní dì í," ni ìyá mi wí fún wa. "A ò ní gbé e. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn débẹ̀. Bí ẹ bá tún gbé e bíi tọdún tó kọjá, ẹ ti pa àwọn tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn."

Mẹkáníìkì ní kó má dààmú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Ládìpọ̀ ló ti ń tún mọ́tò ṣe, kò sì sí ohun tí kò gbà pé òun lè tú kóun sì tún un tò. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é.

"Màmá, ẹ fi lé mi lọ́wọ́," ó wí. "Nílé wa, àgbò tó ga ju èyí lọ ni mo fi ń ṣeré."

"Ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe àgbò."

"Ẹsẹ̀ mẹ́rin náà ni, Màmá."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó mú okùn wá. Ó so ó mọ́ Ìyàwó lọ́rùn bí wọ́n ti ń so àgbò Iléyá, ó fà á. Okùn náà yọ́ bọ́ lórí rẹ̀ bíi fìlà. Ọrùn ẹlẹ́dẹ̀ kò tínrín ju orí rẹ̀ lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe wa ti bẹ̀rẹ̀. Àwa tí baba wa ń sin àgùntàn, okùn ni ọwọ́ wa kọ́kọ́ ń wá. Ẹ̀gbọ́n tún un so, ó gbé e gba ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú, èmi àti òun dì í mú, a fà á. Ìyàwó fi ìdí jókòó. Lẹ́yìn náà, ó figbe ta.

Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ igbe ẹlẹ́dẹ̀ rí kò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn ará àdúgbò sáré jáde. Obìnrin kan dúró lójú ọ̀nà, ó ń béèrè pé ta ni wọ́n ń pa nínú ilé Tíṣà.

Mo rò pé oúnjẹ ló máa ṣe é. Mo bu eèrí sínú garawa, mo gbé e síwájú Ìyàwó, mo sì ń fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ kó lè máa tẹ̀lé mi. Ó ki orí bọ garawa náà. Ó ki í débi pé irin ìdìmú garawa há sí ẹ̀yìn etí rẹ̀, kò sì lè yọ orí mọ́. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Kò lọ síwájú, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ẹ̀yìn ló gbà lọ. Ó fẹ̀yìn rìn kọjá ilé ìdáná, ó já okùn tí a sá aṣọ sí, ó wọ́ ìró ìyá mi kan lọ, kò sì dúró títí ìdí rẹ̀ fi wọ inú ilé rẹ̀ padà.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Akọ̀ròyìn, mo rò pé o fẹ́ mú un lọ síwájú ni. Rìfáàsì lo fi sí i."

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ garawa náà kúrò lórí Ìyàwó, ó di garawa náà mú, ó ń wo inú rẹ̀. Mo rántí pé ó pẹ́ kó tó gbé e sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú irinṣẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Páìpù irin ni, gígùn rẹ̀ tó apá èèyàn. Ó ti wáyà bíréèkì bọ inú rẹ̀, ó fi orí wáyà náà ṣe ojóbó, ó sì so igi kékeré mọ́ ìdí rẹ̀ tí èèyàn lè dì mú láti fi fún ojóbó náà. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, irinṣẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ojóbó bọ́ sí àgbọ̀n òkè Ìyàwó, lẹ́yìn eyín. Ẹ̀gbọ́n fún un, Ìyàwó sì dúró gbagidi, kò lè yí orí.

"Ó ti mú un," Ẹ̀gbọ́n wí.

"Ó mú un," ni ìyá mi wí. "Ṣé ó ń lọ?"

Kò lọ. Bí Ẹ̀gbọ́n bá ti ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń fà padà, ó sì wúwo ju Ẹ̀gbọ́n lọ. Ibi tó ti máa ń wẹ̀ kò jìnnà, ẹrọ̀fọ̀ sì kún ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀kan péré lòun ṣubú. Ìyá mi ní ẹ̀ẹ̀mejì ni. Káfíńtà ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni, òun sì ni mo gbà gbọ́, torí ó ní òun ń kà á.

"Ẹ tú u," ìyá mi wí níkẹyìn. "Ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀."

Ibẹ̀ la wà tí ohùn kan fi wá láti òkè ògiri. "Ìyá Tíṣà, ẹ kú làálàá."

Káfíńtà ni. Orí àga iṣẹ́ rẹ̀ ló dúró sí ní òdìkejì, orí rẹ̀ àti fìlà funfun rẹ̀ nìkan la rí. Àgbà mùsùlùmí ni, ìrun kì í fò ó. Láti ìgbà tí Ìyàwó ti wọ ilé wa, kò sí ohun tó ń kọjá láàárín òun àti ìyá mi ju ẹ káàárọ̀ àti ẹ káalẹ́ lọ.

"Ẹ ṣé, Bàbá Káfíńtà," ìyá mi dáhùn.

"Èmi ni mo lọ pe wolé-wolé. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

"Mo mọ̀."

"Òórùn rẹ̀ ń bá mi dé orí ẹní tí mo ti ń kírun. Mo wí fún yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní ẹ máa fọ ibẹ̀."

"Mo fọ̀ ọ́."

"Ẹ fọ̀ ọ́. Ó tún rùn." Ó tún fìlà rẹ̀ dé. "Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kí wọ́n lọ pa aláboyún. Mo ní kí wọ́n mú un kúrò ni. Ohun mìíràn tún ni pé mo ti ń wò yín láti àárọ̀, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yẹn kò dáa rárá."

Ẹ̀gbọ́n ń nu ẹrọ̀fọ̀ kúrò létí. "Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa fà á nígbà náà."

"Èmi? Kí èmi fọwọ́ kan ẹlẹ́dẹ̀?" Kò bínú. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òun kì í mu sìgá. "Fífà tí ẹ ń fà á yẹn gan-an ni wàhálà yín. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fà á síwájú, ẹ̀yìn ló ń lọ. Bí ẹ bá nà án, ó ń sá lọ síbi tó bá rí àyè. Ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí i pé kì í kọlu ògiri. Níbi tó bá ti rí ògiri, ó máa ń yà ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ògiri tó ṣeé gbé rìn fún un."

Ìyá mi wò ó títí. "Ẹ máa ṣe é, Bàbá Káfíńtà," ó wí.

Láàárọ̀ ọjọ́rú, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Pákó pẹlẹbẹ kan tó ṣẹ́kù lára kọ́bọ́ọ̀dù ló lò. Ó ní kí n dúró, ó fi tépù wọn ẹsẹ̀ mi láti ilẹ̀ dé àárín itan, ó ní ibẹ̀ ni pákó náà máa ga mọ. Ó fi ayùn gé e sí méjì. Ó kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹlẹ́dẹ̀ má baà fi imú dá a sí méjì. Ó gé igun ìsàlẹ̀ wọn ní róbótó kí wọ́n má baà kọ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lu ihò gbọọrọ kan sí òkè ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibi tí ọwọ́ á ti dì í mú, ó sì fi sáńpépà ha ihò náà fún àkókò tó gùn ju èyí tó fi ṣe gbogbo ìyókù lọ.

Mo bi í pé kí ló dé. "Ọwọ́ tó bá ń dun èèyàn, ó máa jù ú sílẹ̀ ni," ó wí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ yẹn ò rò ó. Irin tó ṣe, ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ló rò nígbà tó ń ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n kò gbà kí iṣẹ́ parí láìsí tirẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó dé lọ́sàn-án, ó gbé pákó kan, ó fi lu òkúta ilẹ̀, ó ní ariwo rẹ̀ pọ̀ jù, pé ẹlẹ́dẹ̀ á sá. Ó gé tíúbù táyà àtijọ́ ní gbọọrọ, ó kàn án mọ́ ìsàlẹ̀ pákó méjèèjì. Káfíńtà wo iṣẹ́ náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà náà wò.

"Eléyìí dáa," ó wí. Mo wo ojú Ẹ̀gbọ́n. Bí ẹni pé wọ́n fi í jọba ni.

A dán an wò lẹ́yìnkùlé wa. Káfíńtà kò wọlé, orí ògiri ló ti ń pàṣẹ. Ó ní kí a má lù ú, kí a má pariwo, kí a kàn gbé ògiri dúró kí a sì máa rìn. Mo gbé pákó tèmi jìnnà sí ara díẹ̀. Ìyàwó ki imú bọ abẹ́ rẹ̀, ó gbé pákó náà sókè, ó sì gbé èmi náà mọ́ ọn. Mo bá ara mi nílẹ̀.

"Fi orúnkún tì í," Káfíńtà wí. "Ṣé o ti rí ògiri tó ń fò rí?"

Mo dìde, mo fi orúnkún ti pákó náà, mo mú un kanlẹ̀. Ìyàwó wo apá ọ̀dọ̀ mi, ògiri ló rí. Ó wo apá ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, ògiri ló rí. Ó dúró, ó mí. Lẹ́yìn náà, ó kọjú síbi tí àyè wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń lọ kí ará. Kò ké. A yí ẹ̀yìnkùlé po lẹ́ẹ̀mẹta láìfi okùn kankan kàn án, ìyá mi sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́bọ̀ la gbéra, bí ilẹ̀ ti ń mọ́, kí oòrùn tó mú, torí pé ooru kì í bá aláboyún ẹlẹ́dẹ̀ lára mu. Èmi wà lápá òsì, Ẹ̀gbọ́n wà lápá ọ̀tún. Ìyá mi ń lọ níwájú pẹ̀lú abọ́ eèrí, kì í fún un jẹ, ó kàn ń bá a sọ̀rọ̀ ni. "Ìyàwó, máa bọ̀. Ìyàwó, ẹsẹ̀ rẹ dà?" Káfíńtà ti sọ pé òun ò bá wa lọ, òun ti ṣe tòun. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó fi bí òpó iná méjì jìnnà sí wa, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

Àdúgbò ti jí. Àwọn tó ń rin orín lẹ́nu ọ̀nà yọ orín lẹ́nu.

"Ẹ̀yin ará ilé Tíṣà, èwo ni ìyàwó nínú yín?"

"Akọ̀ròyìn, ṣé ìwọ lò ń mú un lọ ni àbí òun ló ń mú ẹ lọ síbi iṣẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n dá wọn lóhùn láìwo ẹ̀yìn. "Ẹ máa pọ́n wa lé. Ọ̀nà tí ẹ wà yẹn, ìyàwó fẹ́ kọjá."

Wọ́n yà fún wa. Kí a tó dé títì ńlá, èrò tó ń tẹ̀ lé wa ti tó ogún, wọn ò sì bú wa mọ́. Wọ́n ń ṣọ́ ẹsẹ̀ Ìyàwó bí ẹni ń ṣọ́ ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Ní títì, ọkọ̀ ń sáré lọ, wọ́n ń sáré bọ̀. A dúró. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí, pákó mi sì ń gbọ̀n. Mo rí fìlà funfun tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Káfíńtà bọ́ sáàárín títì, ó na ọwọ́ méjèèjì. Lọ́rì kan dúró, awakọ̀ rẹ̀ yọrí síta.

"Bàbá, kí lẹ gbé kalẹ̀ láàárọ̀ yìí? Ẹlẹ́dẹ̀? Ẹ̀yin?"

"Dúró síbẹ̀," Káfíńtà wí. "Pákó mi ló fẹ́ kọjá."

A kọjá.

A dé ẹnu ọ̀nà ọgbà nọ́ọ̀sì ní Ìdí-Àràbà, ẹni tí ìyá mi ń pè ní Ọ̀rẹ́ sì ti ṣí géètì sílẹ̀ dè wá. Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa ròyìn rẹ̀ fún àwọn ará ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n gọ́tà kan wà níwájú géètì, ó fẹ̀, omi dúdú sì ń ṣàn nínú rẹ̀. Afárá pákó ni wọ́n fi dábùú rẹ̀, èèyàn sì lè rí omi náà láàárín àwọn pákó. Ìyàwó dé ibẹ̀, ó sọ orí kalẹ̀, ó wo omi náà. Ó jókòó.

A fi ògiri tì í, kò dìde. Ìyá mi gbé abọ́ eèrí síwájú rẹ̀, kò wò ó. Oòrùn ti yọ dáadáa. Ẹlẹ́dẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, itọ́ funfun sì yọ lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. "Wọ́n ń yí nínú rẹ̀ gan-an," ó wí fún ìyá mi. "Má jẹ́ kó pẹ́ nínú oòrùn yìí."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n wá okùn," Ẹ̀gbọ́n wí. "Ibi tó kù yìí ò ju ẹsẹ̀ mẹ́fà lọ. Kí a kàn wọ́ ọ."

"Rárá."

"A ò ní gbé e. A máa wọ́ ọ ni."

"Mo ní rárá." Ìyá mi kò wo Ẹ̀gbọ́n, afárá ló ń wò. Mo bi í lẹ́yìn náà pé kí ló wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà yẹn. Ó ní, "Garawa ni. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni garawa yẹn kò ti kúrò lọ́kàn mi. Mo ń bi ara mi pé, ẹran tí kì í lọ síwájú bí a bá fà á, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń sá lọ bí kò bá ríran, kí ló dé tí a kò jẹ́ kó fẹ̀yìn lọ síbi tí a ti fẹ́ kó lọ?"

Ó kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Bá mi mú apẹ̀rẹ̀ tí o fi ń kó aṣọ."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà yá kíá. Ìyá mi ní kí a yí i padà, kí ìdí rẹ̀ kọjú sí géètì. Ní kété tí kò rí omi mọ́, Ìyàwó dìde, a sì fi pákó yí i. Ẹ̀gbọ́n ní ó yẹ kí ẹnì kan wà nínú ọgbà láti máa darí wa, torí àwa tí a di pákó mú kò ní rí ẹ̀yìn, òun ló sì mọ iṣẹ́ yẹn jù. Ó gbé pákó rẹ̀ ti ògiri, ó fò kọjá gọ́tà. Pákó náà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mú un. Èrò ń wo ara wọn.

Káfíńtà sún mọ́ ọn. Ó ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó bọ ọwọ́ sínú ihò tó fi sáńpépà ha fúnra rẹ̀, ó fi orúnkún tì í.

"Pákó ló máa kàn án," ó wí, kò sì wo ẹnikẹ́ni.

Ìyá mi tẹ̀ síwájú, ó da apẹ̀rẹ̀ bo orí Ìyàwó títí dé ẹ̀yìn etí, ó dì í mú níbẹ̀. Ìyàwó dúró bí ìgbà tí èèyàn ń ka méjì. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn.

Láti inú ọgbà, a gbọ́ Ẹ̀gbọ́n. Ohùn tí wọ́n fi ń darí lọ́rì wọ ṣọ́ọ̀bù ní Ládìpọ̀ ló mú jáde. "Máa bọ̀. Máa bọ̀, máa bọ̀. Gba ọ̀tún díẹ̀. Akọ̀ròyìn, ọ̀tún ni mo wí, kì í ṣe òsì. Jẹ́ kó tọ́. Ó ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti gun pákó. Máa bọ̀, Màmá, ẹ má dúró."

Pákó afárá dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ̀n, ṣùgbọ́n ògiri wà lọ́tùn-ún, ògiri wà lósì, òkùnkùn wà níwájú, ẹ̀yìn nìkan ló kù fún un. Ó gbà á. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ ilẹ̀ ọgbà, ti iwájú tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì ti géètì. Ẹ̀gbọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lu ògiri lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n ti ń lu ara ọkọ̀ tó bá ti wọlé tán.

"Ó ti dé," ó wí. "Ẹ paná rẹ̀."

Èrò tó wà lóde pàtẹ́wọ́. Ìyá mi gbé apẹ̀rẹ̀ kúrò, Ìyàwó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí ìbòòji àti omi, ó sì rìn lọ dùbúlẹ̀ bí ẹni pé òun ló ní ilé. Ìyá mi jókòó lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tòun ti aṣọ rẹ̀ tó mọ́. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí tí mímí náà fi rọ̀.

Káfíńtà gbé pákó rẹ̀ sókè, ó wo etí rẹ̀, ó wo ìṣó rẹ̀. "Kò yẹ̀ níbì kankan," ó wí. Ó béèrè ibi tí ẹ̀rọ omi wà, ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Ṣé ó kàn yín ni, Bàbá?" Ẹ̀gbọ́n bi í.

"Kò kàn mí. Eruku ni mò ń fọ̀."

Lọ́jọ́ Ẹtì, kí ọ̀sán tó pọ́n, wolé-wolé dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì àti okùn tó nípọn. Ìyá mi ti fọ ilé ẹlẹ́dẹ̀, ó ti da eérú sí i, ó sì gbé àga kan sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní kí wolé-wolé jókòó. Kò jókòó. Ó wo inú ilé náà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo àwa.

"Mà, ta ló bá yín gbé e?"

"Kò sẹ́ni tó gbé e," ìyá mi wí. "Ó rìn lọ ni."

Wolé-wolé wo ọkùnrin méjì náà, àwọn náà wo okùn ọwọ́ wọn. "Ẹ kú iṣẹ́, Mà," ó wí níkẹyìn.

Láti ọjọ́ yẹn, bí Káfíńtà bá ti kírun òwúrọ̀ tán, ó máa ń gun àga iṣẹ́ rẹ̀, á yọrí sókè ògiri. "Ìyá Tíṣà, ẹ káàárọ̀. Ṣé ó ti bí?" Ìyá mi á ní kò tíì bí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Lọ́jọ́ kejìlá, kò tíì gun àga nígbà tí ìyá mi ti ń pè é láti apá tiwa.

"Bàbá Káfíńtà, mẹ́sàn-án. Gbogbo wọn ló wà láàyè."

Ó gun àga rẹ̀, ó yọrí sókè ògiri. Ó ní, "Mẹ́sàn-án. Ẹ kú ewu. Ẹ ò tíì dá pákó mi padà."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe é? Ó ti kan ẹlẹ́dẹ̀."

Ó rò ó. "Òótọ́ ni. Ẹ máa mú un."

Nígbà tí Iléyá sún mọ́lé lọ́dún yẹn, pákó mẹ́fà wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìwọ̀n wọn kò yàtọ̀: àárín itan, igun róbótó, ihò tí wọ́n fi sáńpépà ha, rọ́bà tíúbù nísàlẹ̀. Àwọn tó fẹ́ mú àgbò wọlé láìjẹ́ kó kan àwọn ọmọ wọn ló ń rà á. Wọ́n bi í pé níbo ló ti rí irú ọgbọ́n yìí, ó ní òun ṣàdéédé rò ó ni. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìwọ akọ̀ròyìn yìí, má gbé e sínú ìwé ìròyìn o." Mo ṣèlérí, mo sì pa á mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, ó ti dàgbà gan-an, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Mo bi í bóyá ó ti tú mi sílẹ̀ nínú ìlérí yẹn.

"Máa kọ ọ́," ó wí. "Àwọn àgbò yẹn, wọ́n ti jẹ wọ́n tán tipẹ́. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò fọwọ́ kàn án."

Mo kọ ọ́. Kò fọwọ́ kàn án.